Ìfiwéra APA, MLA àti Chicago fún Títo Àtẹ àti Ìwé Ìtọ́kasí Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

Nínú gbogbo ojú ìwé iṣẹ́ ìwádìí, ibi méjì wà tí àìfarabalẹ̀ kò ti lè fara pamọ́: ojú ìwé tí a to àtẹ (table) sí, àti àkójọ ìwé ìtọ́kasí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Olùyẹ̀wò lè ka odidi orí kan kó tó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò lóye ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n tí ọdún bá wà níwájú níbì kan tó sì wà lẹ́yìn níbòmíràn, tàbí tí àtẹ kan bá ní ìlà yíká tí èkejì kò ní, ojú lásán ti tó láti rí i. Ibi méjèèjì yìí náà ni ìlànà ìtọ́kasí mẹ́ta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé jù lọ, ìbáà jẹ́ ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, ní Yabatech, tàbí ní LASU ní Ọ̀jọ́, ti yapa síra jù. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó yẹ iṣẹ́ yín láàárín APA, MLA àti Chicago, orí àtẹ àti orí ìwé ìtọ́kasí ni kí ẹ ti wọ̀n wọ́n wò.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yín bóyá wọ́n ní ìwé ìlànà tiwọn. Bí ó bá wà, òun ni aláṣẹ. Níbi tó bá ti tako APA tàbí Chicago, ti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí pé àwọn ni yóò buwọ́ lu iṣẹ́ náà. Ìfiwéra yìí wà fún ẹni tí wọ́n fún láǹfààní láti yàn, fún ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí jọ́nà, àti fún ẹni tí alábòójútó rẹ̀ kàn sọ pé "ẹ lo APA" tí kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá

APA jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà. Àpilẹ̀kọ kúkúrú kan tí wọ́n gbé jáde ní 1929 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà keje tí a ń lò báyìí jáde ní 2019. MLA jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, ẹ̀dà kẹsàn-án rẹ̀ sì jáde ní 2021. Chicago ni àgbà nínú wọn: ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago gbé ti àkọ́kọ́ jáde ní 1906, ẹ̀dà kejìdínlógún sì dé ní 2024. Turabian tí ẹ máa ń gbọ́ kì í ṣe ìlànà kẹrin. Chicago náà ni, tí Kate Turabian, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ oyè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì náà nígbà ayé rẹ̀, gé kúrú fún ìlò akẹ́kọ̀ọ́.

Orírun wọn ló bí ìwà wọn. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ìhùwàsí ènìyàn fẹ́ mọ̀ kíákíá bóyá ìwádìí tí a tọ́ka sí ti gbó tàbí ó ṣì tutù, ìdí nìyẹn tí APA fi gbé ọdún síwájú. Ẹni tó ń tú ewì tàbí eré oníṣe palẹ̀ fẹ́ mọ ojú ìwé gan-an tí gbólóhùn náà wà, ìdí nìyẹn tí MLA fi fi orúkọ òǹkọ̀wé àti ojú ìwé sínú àkámọ́, tí ọdún sì dúró lẹ́yìn. Òpìtàn tó ń wú ìwé àtijọ́ jáde nílò àyè láti ṣàlàyé ibi tó ti rí ìwé náà, ẹni tó fi ọwọ́ kọ ọ́ àti ìdí tó fi gbà á gbọ́, ìdí nìyẹn tí Chicago fi ní àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Irú ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi yàn, kì í ṣe bí ojú ìwé náà ṣe máa rẹwà tó, kì í sì ṣe èyí tí ọ̀rẹ́ yín lò lọ́dún tó kọjá.

Àtẹ

Lórí àtẹ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fohùn ṣọ̀kan lórí ohun púpọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Nọ́ńbà àti àkọlé àtẹ máa ń wà lókè rẹ̀, kì í wà nísàlẹ̀ bíi ti àwòrán. Ìlà òòró kò sí. Ìlà ìbú díẹ̀ ni a ń fà. A gbọ́dọ̀ dárúkọ àtẹ nínú ọ̀rọ̀ wa kí òǹkàwé tó bá a pàdé, nítorí pé àtẹ tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.

Microsoft Word ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa pa ìlànà yìí mọ́. Bí ẹ bá ti sọ fún un pé kó ṣe àtẹ, yóò fa ìlà sí gbogbo ẹ̀gbẹ́, àtòkè àtìsàlẹ̀, bí ẹni pé ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ yan gbogbo àtẹ náà, ẹ lọ sí Table Design, ẹ ṣí Borders, kí ẹ sì yan No Border kí gbogbo ìlà náà lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dá mẹ́ta padà: ọ̀kan sókè pátápátá, ọ̀kan sábẹ́ àwọn àkọlé òpó, ọ̀kan sísàlẹ̀ pátápátá. Mẹ́ta yìí tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ àtẹ, nínú ìlànà èyíkéyìí. Bí àtẹ bá gùn débi pé ó kọjá sí ojú ìwé kejì, ẹ fi kọ́sọ̀ sínú àkọlé òpó, ẹ lọ sí Layout tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Table Design, kí ẹ sì tẹ Repeat Header Rows, kí òǹkàwé má baà máa ṣí ẹ̀yìn ṣí iwájú láti mọ ohun tí òpó kẹta dúró fún.

Ìyàtọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. Ní APA, "Table 1" á dá dúró lórí ìlà tirẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó nípọn. Àkọlé á wà lábẹ́ rẹ̀ ní ítálíìkì, àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Ní MLA, ìlà méjì náà ni, tí méjèèjì tẹ̀ mọ́ apá òsì, ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn kò nípọn, kò sì sí ní ítálíìkì. Turabian máa ń fi nọ́ńbà àti àkọlé sórí ìlà kan náà, pẹ̀lú àmì ìdánudúró láàárín wọn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti orúkọ ẹni tàbí orúkọ ibi nìkan ló sì ń gba lẹ́tà ńlá.

Ìsàlẹ̀ àtẹ ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀. APA ní irú àkíyèsí mẹ́ta, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀: èyí tó kan gbogbo àtẹ, tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà *Note.* ní ítálíìkì. Èyí tó kan òpó tàbí nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí lẹ́tà kékeré tó gòkè ń fi hàn. Àti èyí tó ń sọ bóyá àbájáde ìṣirò kì í ṣe èèṣì lásán, tí àmì ìràwọ̀ ń fi hàn. Ní MLA àti Turabian, ìlà orísun tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Source:" ló ń kọ́kọ́ jáde, kí àkíyèsí yòókù tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ orísun yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àṣà tó ti wọ̀ wá lára. Ẹ ṣí iṣẹ́ aṣekágbá èyíkéyìí lórí pẹpẹ ilé ìkàwé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, orí kẹrin rẹ̀, ẹ ó rí i pé "Source: Field Survey" pẹ̀lú ọdún wà lábẹ́ gbogbo àtẹ, láti orí àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. APA kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ fúnra yín lọ wádìí kò nílò ìlà orísun. Èyí tí ẹ mú láti ibòmíràn ló nílò rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ "Table 4.1" rí: nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé orí ìwé wà nínú Turabian dáadáa, ṣùgbọ́n APA ń ka àtẹ rẹ̀ ní 1, 2, 3 láti ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ dé òpin. Nítorí náà, ẹni tó bá fi "Table 4.1" àti "Field Survey" sínú iṣẹ́ tó pè ní APA ti da ìlànà méjì pọ̀ láìmọ̀. Bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kò burú. Bí ẹ bá ń ránṣẹ́ sí jọ́nà, ẹ yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àtẹ kan ní pẹ́kípẹ́ki. Ká ní ẹ lọ bi àwọn oníṣòwò ní Balógun, Ìdúmọ̀tà àti Tejúoṣó léèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó, bóyá àjọ ni, bóyá báǹkì, bóyá orí fóònù. Ẹ fi ìdáhùn wọn sínú SPSS, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, ó sì da àtẹ jáde fún yín. Àtẹ yẹn máa ní òpó fún Frequency, Percent, Valid Percent àti Cumulative Percent, fún ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà á sínú Word bó ṣe wà, wọ́n sì ti ní àtẹ mẹ́ta tí kò sọ nǹkan kan, nítorí pé òǹkàwé ni yóò máa fi wọ́n wéra lọ́kàn ara rẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó fi ìbéèrè náà sílẹ̀ láìdáhùn, Percent àti Valid Percent bára mu délẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò wúlò. Cumulative Percent kò sì ní ìtumọ̀ kankan níbi tí àwọn ìdáhùn kò ti ní ètò láti kékeré lọ sí ńlá. Àjọ kò ju báǹkì lọ, kò sì kéré sí i. Ohun tó yẹ ni àtẹ kan ṣoṣo: ọ̀nà ìtọ́jú owó sápá òsì, ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí òpó mẹ́ta, iye ènìyàn àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ àwọn tí ẹ bi léèrè lábẹ́ orúkọ ọjà wọn. Àwọn nọ́ńbà tó ní àmì ìdá-mẹ́wàá (decimal point) gbọ́dọ̀ ní iye dígíìtì kan náà lẹ́yìn àmì yẹn káàkiri.

Lójú tèmi, bí iṣẹ́ yín bá ní ju àtẹ mẹ́ta lọ, APA ló gbégbá orókè, nítorí pé ó ti ronú lórí ìṣirò ju àwọn yòókù lọ, ó sì gbà kí àlàfo inú àtẹ fún pọ̀. MLA ń fẹ́ kí àtẹ náà ní àlàfo ìlọ́po méjì bíi gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, ojú ìwé á sì tètè tán. Ìlànà fún ẹni tó ní àtẹ kan tàbí méjì ni. Turabian dára jù nígbà tó jẹ́ pé inú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni ẹ ti ṣa nọ́ńbà jọ, nítorí ìlà orísun rẹ̀ fún yín láyè láti sọ orúkọ fáìlì àti ibi tó wà.

Ìwé ìtọ́kasí

Ọ̀nà tó yá jù láti rí ìyàtọ̀ wọn ni kí a fi ìwé kan náà sínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ ká lo ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ṣe olóòtú rẹ̀, tó sì jáde ní 1921.

APA: Johnson, S. (1921). *The history of the Yorubas: From the earliest times to the beginning of the British protectorate* (O. Johnson, Ed.). CMS Bookshops.

MLA: Johnson, Samuel. *The History of the Yorubas: From the Earliest Times to the Beginning of the British Protectorate*. Edited by Obadiah Johnson, CMS Bookshops, 1921.

Chicago: Johnson, Samuel. *The History of the Yorubas: From the Earliest Times to the Beginning of the British Protectorate*. Edited by Obadiah Johnson. Lagos: CMS Bookshops, 1921.

Ẹ wo bí lẹ́tà ńlá ṣe dínkù nínú ti APA. Àkọlé ìwé àti ti àpilẹ̀kọ ń lo lẹ́tà ńlá níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn kólọ́ọ̀nù, àti fún orúkọ nìkan. Orúkọ jọ́nà ló ń tọ́jú gbogbo lẹ́tà ńlá rẹ̀. Ẹ tún wo ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé náà. APA ti yọ ìlú kúrò láti ẹ̀dà keje, MLA kì í kọ ọ́ mọ́ fún ìwé òde òní, ẹ̀dà kejìdínlógún ti Chicago pàápàá ti sọ pé kò pọn dandan. Fún òpìtàn, mo rò pé ó ṣì yẹ kó wà níbẹ̀. Pé Èkó ni wọ́n ti ta ìwé yẹn, ní ilé ìtàwé ìjọ tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní CMS ní Màrínà, ẹ̀rí ni lójú ẹni tó mọ ohun tó ń wá.

Nípa ojú ìwé fúnra rẹ̀: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bẹ̀rẹ̀ lórí ojú ìwé tuntun, ìlà àkọ́kọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ mọ́ apá òsì, ìlà yòókù sì ń wọlé ní ìdajì íńṣì. Ẹ má fi bọ́tìnnì Tab àti Enter ṣe é. Ẹ lọ sí Paragraph, ẹ wá Special, ẹ yan Hanging. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbà tí ẹ bá yí ìwọ̀n lẹ́tà padà ni gbogbo rẹ̀ yóò fọ́nká. APA àti MLA ń fẹ́ àlàfo ìlọ́po méjì. Turabian ń fún ìwé kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó sì ń fi ìlà òfìfo sáàárín èyí àti èyí tó tẹ̀ lé e.

| | APA | MLA | Chicago (Turabian) |
|---|---|---|---|
| Àkọlé ojú ìwé | References, lẹ́tà tó nípọn | Works Cited, lẹ́tà lásán | Bibliography |
| Orúkọ àbísọ òǹkọ̀wé | lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan | odidi orúkọ | odidi orúkọ |
| Ipò ọdún | lẹ́yìn orúkọ | sápá ìparí | sápá ìparí |
| Ìtọ́kasí nínú ọ̀rọ̀ | orúkọ àti ọdún | orúkọ àti ojú ìwé | nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé |

Ìlà kejì nínú àtẹ yìí ni kí àwa Yorùbá dúró lé dáadáa. Orúkọ wa pọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A àti O: Adé, Ayọ̀, Àbí, Olú, Ọlá, Ọmọ, Oyè. Nígbà tí APA bá gé orúkọ àbísọ kù sí lẹ́tà kan, Adéwálé, Adébísí àti Àrìnọlá di "A." kan náà, ọkùnrin àti obìnrin kò sì ṣeé dá mọ̀ mọ́. Nínú iṣẹ́ tó tọ́ka sí àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa púpọ̀, ẹ lè rí "Adéyẹmí, A. O." lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n sì jẹ́ ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ade Ajayi tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó nígbà kan jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn: MLA àti Chicago á kọ ọ́ ní "Ajayi, J. F. Ade", bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n, APA á sọ ọ́ di "Ajayi, J. F. A.", "Ade" tí a fi ń pè é á sì pòórá. Èyí nìkan kò tó láti kọ APA sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ yín bá dá lórí àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá fúnra wọn, ó tó láti mú yín ro MLA lẹ́ẹ̀kejì.

Oyè kò wọ inú ìtọ́kasí nínú ìlànà kankan. Ojú ìwé àkọlé ìwé Johnson pè é ní Reverend, ó sì pe olóòtú ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kankan nínú àpẹẹrẹ òkè yìí tó kọ ọ́. Olóyè, Àlàájì, Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbogbo wọn ń dúró síta. Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Inú ìdúpẹ́ tó wà níwájú ìwé ni àyè ti wà fún oyè alábòójútó yín.

Bí òǹkọ̀wé bá pọ̀, APA ń to orúkọ tó tó ogún sínú ìwé ìtọ́kasí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ọ̀rọ̀, bí wọ́n bá ti di mẹ́ta, orúkọ àkọ́kọ́ àti "et al." (ìyẹn "àti àwọn yòókù") ti tó. MLA ń gé e kúrú síbi méjèèjì.

Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Word kò mọ ètò álífábẹ́ẹ̀tì wa. Ẹ lẹ́yìn E, GB lẹ́yìn G, Ọ lẹ́yìn O, Ṣ lẹ́yìn S: ọwọ́ ni ẹ ó fi to wọ́n. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa ka Ọ sí O kí òǹkàwé òkèèrè lè rí i níbi tó ń retí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé ìròyìn àtijọ́

Ibí yìí ni yíyàn ti ń di dandan. Ká ní iṣẹ́ yín dá lórí ìdílé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ sì jókòó ti àwọn àgbà láti gbọ́ ìtàn. Ní APA, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí òǹkàwé kò lè rí gbọ́ fúnra rẹ̀ kì í wọ ìwé ìtọ́kasí rárá; inú ọ̀rọ̀ ni a ti ń dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ẹni náà bá yín sọ, pẹ̀lú ọjọ́. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ ara àwọn tí ẹ ń ṣèwádìí lé lórí, a kì í tọ́ka sí i bí ẹni tọ́ka sí ìwé. Ẹ lè bá ogún àgbà sọ̀rọ̀ kí ojú ìwé ìtọ́kasí yín má sì ní orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. MLA ń fi olúkúlùkù sínú Works Cited pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó jẹ́ àti ọjọ́. Chicago ń fi í sínú àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, níbi tí ẹ ti láyè láti sọ ẹni tó jẹ́ nínú ìdílé náà àti ibi tí ẹ jókòó sí.

Àwọn tó ń kọ iṣẹ́ oyè ní èdè Yorùbá ti rí ọ̀nà tiwọn, mo sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó tẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ ìlànà wo ló lò: ẹ ṣe àkójọ àwọn abẹ́nà ìmọ̀, ìyẹn àwọn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, sínú àfikún, gẹ́gẹ́ bí àtẹ, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, àdúgbò àti ọjọ́ tí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kọ orúkọ wọn.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ka sí lẹ́tà kan tó jáde nínú *Akéde Èkó* tí I. B. Thomas ń ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1929, MLA ló ṣe é lọ́nà tó mọ́ jù: ó ka lẹ́tà náà sí ohun kan, ó sì ka ìwé ìròyìn sí àpò tó gbé e dání, nítorí náà àkọlé lẹ́tà á wà nínú àmì àyọlò, orúkọ ìwé ìròyìn á wà ní ítálíìkì, ọjọ́ àti ojú ìwé á tẹ̀ lé e. Chicago kì í sábà fi ìwé ìròyìn sínú Bibliography. Àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé ti tó. Ẹni tó lo ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ìwé ìròyìn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Chicago.

Ọwọ́, Word tàbí Zotero

Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tó ogún lè fi ọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀, kò sóhun tó burú. Bí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìwé ìtọ́kasí tó sì ń tò wọ́n, ni mo fara mọ́, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín láìsí dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí rẹ̀ tán. Ọ̀nà tí Word fúnra rẹ̀ ní lábẹ́ References léwu: APA tó wà nínú rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀dà kẹfà, ìdí nìyẹn tí ìlú ìtẹ̀wé fi ń jáde nínú iṣẹ́ ẹni tó búra pé ẹ̀dà keje lòun lò. Cite tó wà lórí Google Scholar rọrùn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó kó ìwé síbẹ̀ ṣe kọ lẹ́tà ńlá àti orúkọ ni yóò ṣe dà á fún yín.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣe nínú Zotero. Àkọ́kọ́, ẹ kọ àkọlé Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú lẹ́tà kékeré bíi ti APA. Zotero lè sọ wọ́n di lẹ́tà ńlá fún MLA àti Chicago, ṣùgbọ́n kò lè dá wọn padà dáadáa. Ìkejì, fún ìwé tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ẹ kọ "yo" sí àyè Language. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ka àkọlé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá tí òǹkọ̀wé kò fún un. Zotero kò fọwọ́ kan àtẹ. Bí ẹ bá yí láti APA sí Chicago, ìwé ìtọ́kasí á yí padà lójú ẹsẹ̀, àtẹ á sì dúró bó ṣe wà, ẹ̀yin ni ẹ ó tún un tò.

Èwo wá ni kí ẹ mú?

Bí ẹ bá wà ní ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ olùkọ́ni, ètò ọrọ̀-ajé ọjà, ìṣègùn àwùjọ tàbí saikọ́lọ́jì, tí ìbéèrè lórí ìwé àti nọ́ńbà sì jẹ́ ẹ̀rí yín, ẹ mú APA láìṣe iyèméjì. Bí ẹ bá ń tú ewì, ìtàn àròsọ tàbí orin palẹ̀, MLA ni. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ìlú, ìwé ìjọba àmúnisìn, ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà, Chicago alálàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni. Ibi tó ṣòro ni iṣẹ́ tó pa méjì pọ̀, bí ẹni tó lo ìbéèrè lórí ìwé ní Múṣin, tó sì tún gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lo APA, kó sì fi àwọn abẹ́nà ìmọ̀ sínú àfikún. Mo rò pé ó sàn ju kó fi àtẹ mẹ́wàá sínú MLA lọ.

Ohun kan ṣì kù kí ẹ tó gbé e lọ sí Ṣómólú fún títẹ̀ àti dídì. APA ń fẹ́ íńṣì kan ní gbogbo etí ojú ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ń fẹ́ íńṣì kan àtààbọ̀ ní apá òsì nítorí dídì. Àtẹ tó fẹ̀ tí ẹ kò tún wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ yí etí padà yóò já sí ìta. Ẹ yí ojú ìwé àtẹ yẹn sí ìbú (Landscape), kí ẹ fi Section Break ṣe é kí ojú ìwé yòókù má baà tẹ̀ lé e. Kí ẹ sì gbé iṣẹ́ náà lọ ní PDF, kì í ṣe ní Word, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí ẹ máa bá níbẹ̀ lè máà ní irú lẹ́tà tí ẹ lò. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ojú ìwé ìtọ́kasí nìkan. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré níbi tó yẹ kí ẹ́ tàbí ọ̀ wà, ẹ dá iṣẹ́ náà dúró kí wọ́n tó tẹ ojú ìwé kejì.